Máàkì Ń Já Wálẹ̀, Ọwọ́ Ò Padà Sẹ́nu Iṣẹ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lórí Fọ́ọ̀mù Ìbéèrè fún Ọrùn-ọwọ́

Ní ọ̀sẹ̀ 12 tí ọrùn-ọwọ́ obìnrin yìí ti ṣẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ló ń sọ pé ara ti ń yá. Egungun ti so. Àwòrán X-ray tẹ́ dókítà lọ́rùn. Máàkì rẹ̀ lórí QuickDASH, fọ́ọ̀mù ìbéèrè nípa ìnira apá tí máàkì rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ bí ara bá ń yá, já láti 81.8 wá sí 27.3. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò yé, nítorí aránṣọ ni, kò sì tíì lè fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Àkọsílẹ̀ yìí tọpa bí nọ́ńbà inú ìwé àti ọwọ́ tí wọ́n ń wọ̀n ṣe pínyà, àti ohun tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe kí àwọn méjèèjì tó tún pàdé. A ti yí ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ padà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Obìnrin náà ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń lò. Ó fẹsẹ̀ kọ, ó na ọ̀tún sílẹ̀ kí ó má baà fojú gbálẹ̀, ìsàlẹ̀ egungun rédíọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú egungun méjì tó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn-ọwọ́, sì ṣẹ́ nítòsí ọrùn-ọwọ́. Orí egungun tó ṣẹ́ náà fì sí ẹ̀yìn ọwọ́, bó ṣe sábà máa ń rí bí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ gba ara rẹ̀ dúró. Wọ́n fà á bọ̀ sípò láìla ara, wọ́n sì fi POP dè é fún ọ̀sẹ̀ 6. Nígbà tí wọ́n tú POP, ó bẹ̀rẹ̀ físíò: nínà àti títẹ ọrùn-ọwọ́, dídi ẹ̀ṣẹ́, fífún bọ́ọ̀lù rọ́bà.

Ilé ìtọ́jú náà ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni àwọn yóò máa fún gbogbo ẹni tó bá ní ìṣòro apá, láti èjìká títí dé ìka, kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù fún àwọn nọ́ọ̀sì. QuickDASH ni wọ́n mú. Ìpinnu náà kò burú. DASH tó jẹ́ ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè 30; àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun ní Amẹ́ríkà àti Institute for Work & Health ní Toronto ló jọ ṣe é, ó sì jáde ní 1996. QuickDASH dín ìbéèrè náà kù sí 11, aláìsàn sì lè dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó pè é wọlé. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń lọ láti 1, ìyẹn kò nira rárá, dé 5, ìyẹn kò ṣeé ṣe. Ẹ ó ro ìdáhùn pọ̀, ẹ ó fi iye ìbéèrè tí aláìsàn dáhùn pín in, ẹ ó yọ 1 kúrò, ẹ ó wá sọ ohun tó kù di ìlọ́po 25. Òdo ni pé kò sí wàhálà. 100 ni pé nǹkan ti burú dé góńgó. Ìbéèrè kan péré ló lè ṣófo. Bó bá ju ìyẹn lọ, kò sí máàkì.

Ọ̀sẹ̀ 6 àti ọ̀sẹ̀ 12

Ọjọ́ kejì tí wọ́n tú POP ni wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Kò mú awò ojú rẹ̀ dání, ni ọmọ rẹ̀ bá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò bi ìyá rẹ̀ ju ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ohun tó ti fojú rí láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kọ sílẹ̀: ìyá òun kì í ṣí ìdérí ìgò, kì í fọ ilẹ̀, kì í gbé báàgì. 5, 5, 5. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 47. Fi 11 pín in, ó di 4.27, yọ 1, sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ó di 81.8.

Àbùkù méjì ló wà nínú nọ́ńbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì rí wọn lọ́jọ́ náà. Èkíní ni pé ẹlòmíràn ló dáhùn, fọ́ọ̀mù náà ò sì ní àyè kankan tó béèrè ẹni tó mú bírò. Èkejì ni pé ọ̀sẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni QuickDASH ń béèrè nípa rẹ̀. Nínú ọjọ́ 7 yẹn, ọwọ́ wà nínú POP fún ọjọ́ 5. POP ni wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ náà, wọn ò tíì wọn ọrùn-ọwọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ 12, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ṣíṣí ìgò tó le, 2. Iṣẹ́ ilé tó nípọn, 2. Gbígbé báàgì, 1. Fífọ ẹ̀yìn ara, 2. Fífi ọ̀bẹ gé oúnjẹ, 2. Ó fo ìbéèrè kẹfà, èyí tó ń béèrè eré ìdárayá tí èèyàn ń fi agbára ọwọ́ ṣe, bí irú tẹ́níìsì, nítorí kì í ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ àti ìbẹ̀wò, 1. Iṣẹ́ òòjọ́, 3. Ìrora, 2. Bí ọwọ́ ṣe ń ṣe bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un, 4. Àìrí oorun sùn, 4. Àròpọ̀ ìdáhùn 10 jẹ́ 23, máàkì tó tọ́ sì jẹ́ 32.5.

Ṣùgbọ́n 27.3 ni wọ́n kọ sí fáìlì. Ẹni tó kọ fọ́múlà sínú Excel ti fi 11 sí i gẹ́gẹ́ bí olùpín, kò sọ fún un pé kó ka iye àyè tí ìdáhùn wà. Fọ́múlà náà wá fi 23 pín sí 11 dípò 10. Irú àṣìṣe yìí kì í pariwo. Kò ní gbé nọ́ńbà tó ya wèrè jáde tí ojú yóò fi là; ó kàn máa ń mú kí gbogbo ẹni tó bá fo ìbéèrè kan dà bí ẹni tí ara rẹ̀ yá ju bó ṣe yá lọ.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ Jamar wọn agbára ìdìmú rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ ní ipò kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n mú ìpíndọ́gba. Ọ̀tún jẹ́ kílò 14, òsì 24. Ìyẹn 58%. Fún ọ̀sẹ̀ 12, kò sí ẹni tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ yóò já láyà. Wọ́n pinnu pé kí físíò dín kù sí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò bí oṣù bá parí.

Bọ́tìnnì

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kò sí lórí fọ́ọ̀mù kankan. Lẹ́yìn ìdánwò, obìnrin náà ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà, oníṣègùn físíò sì dúró tì í. Ó fi òsì de bọ́tìnnì márààrún láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Ọ̀tún di etí aṣọ mú láàárín ìka òrùka àti ọmọńdinrín, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nà gbọọrọ, wọn ò kan nǹkan kan.

“Mà, ẹ kọ ọ́ síbí pé fífi ọ̀bẹ gé nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ nira.”

“Kò nira. Òsì ni mo fi ń gé e báyìí.”

“Ìgò ńkọ́?”

“Mo máa ń há a sí àárín itan, kí n wá fi òsì yí i.”

Kò purọ́ níbì kankan. Ìlànà tó wà lójú ìwé DASH àti QuickDASH sọ ọ́ kedere pé kò já mọ́ nǹkan kan ọwọ́ tí aláìsàn fi ṣe iṣẹ́ náà. Kó dáhùn gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ náà bá ṣe tó. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí èèyàn náà ṣe ń rí ọjọ́ rẹ̀ gbé lódindi. Níwọ̀n bí òsì bá ti lè wẹ ọ̀tún, ọwọ́ mọ́ lójú QuickDASH. Ìbéèrè tí ilé ìtọ́jú náà ní lọ́kàn, bóyá ọrùn-ọwọ́ tó ṣẹ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́, kọ́ ni wọ́n bi í.

Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ 6 dé ọ̀sẹ̀ 12, ìyàtọ̀ 54.5 tó wà nínú fáìlì ní orísun mẹ́ta tí kò kan ìwòsàn: ìdáhùn ọmọ tó ga jù, fọ́múlà tó pín jù, àti òsì tó ti kọ́ṣẹ́. Ìwòsàn gidi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe tó. Bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n sábà máa ń kà sí ìyípadà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ lára nínú QuickDASH kò ju bíi 14 lọ. Wọ́n ti ń yọ̀ lórí ìlọ́po mẹ́ta irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọ́ọ̀mù tó dárúkọ ọwọ́

Ní ọ̀sẹ̀ 13, wọ́n fún un ní PRWE, èyí tí Joy MacDermid ní Kánádà gbé jáde ní 1998 fún ọrùn-ọwọ́ ní pàtó. Ìbéèrè 15 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 10. Márùn-ún jẹ́ ti ìrora: nígbà ìsinmi, nígbà iṣẹ́ tó ń mú ọrùn-ọwọ́ yí léraléra, nígbà gbígbé ẹrù wúwo, nígbà tó bá dùn jù lọ, àti bó ṣe ń wáyé lemọ́lemọ́ tó. Mẹ́wàá jẹ́ ti ìlò. Nínú mẹ́wàá yìí, mẹ́fà jẹ́ iṣẹ́ pàtó: yíyí ọwọ́ ìlẹ̀kùn, fífi ọ̀bẹ gé ẹran, dídé bọ́tìnnì, títi ara ẹni dìde lórí àga, gbígbé ohun tó wúwo tó kílò 4.5, àti lílo tíṣù ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà dárúkọ ọwọ́ tó ní ìṣòro nínú wọn, àfi nínú ti bọ́tìnnì. Mẹ́rin tó kù jẹ́ iṣẹ́ gbogbogbòò: ìtọ́jú ara, iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ òòjọ́, ìgbafẹ́. Àròpọ̀ ìrora jẹ́ 50 bó bá kún. Àròpọ̀ ìlò jẹ́ 100, wọ́n á pín in sí méjì kó lè di 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100, bó bá sì ṣe ga tó ló ṣe burú tó.

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ìrora: 3, 7, 7, 8, 6, àròpọ̀ 31. Iṣẹ́ pàtó: ìlẹ̀kùn 8, ọ̀bẹ 6, bọ́tìnnì 7, àga 8, ẹrù 8, tíṣù 7, àròpọ̀ 44. Iṣẹ́ gbogbogbòò: ìtọ́jú ara 3, iṣẹ́ ilé 4, iṣẹ́ òòjọ́ 9, ìgbafẹ́ 3, àròpọ̀ 19. Ìlò jẹ́ 63, ìlàjì rẹ̀ 31.5. Gbogbo rẹ̀ di 62.5.

Ó yẹ kí èèyàn dúró wo àwọn nọ́ńbà yẹn kó tó fò lọ síbi 62.5. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti dárúkọ ọwọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò wá sílẹ̀ ju 6 lọ. Nínú iṣẹ́ gbogbogbòò, tí kò ti dárúkọ ọwọ́, ó jẹ́ 3 tàbí 4, àfi iṣẹ́ òòjọ́. Òsì tún ti wọ ibẹ̀. Pé iṣẹ́ òòjọ́ nìkan ló wà ní 9 láàárín àwọn ti gbogbogbòò sọ ohun kan: iṣẹ́ aránṣọ ni òsì kò lè gbà á sílẹ̀ fún. Wọ́n fún un ní apá ìbéèrè iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn QuickDASH náà, ìbéèrè 4 tí wọ́n sábà máa ń fò nítorí pé kò pọn dandan. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18, máàkì 87.5. Èèyàn kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, 32.5 lápá kan, 87.5 lápá kejì. (Apá yìí kò gba àyè òfìfo kankan, bí ọ̀kan bá ṣófo nínú mẹ́rin, kò ṣeé ṣírò.)

4 àti 4

Nígbà tí wọ́n padà sí QuickDASH ọ̀sẹ̀ 12, ojú wọn wá ṣí sí nọ́ńbà méjì tó ti wà níbẹ̀ látìgbà náà. Bí abẹ́rẹ́ tó ń gún ọwọ́: 4. Oorun: 4. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ rẹ̀ ti kọ 2 àti 3 síbẹ̀. Àwọn nǹkan méjì yìí nìkan ló ń burú sí i nígbà tí gbogbo ìyókù ń já wálẹ̀, ìjáwálẹ̀ ìyókù sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àròpọ̀ kò mọ èyí tó gòkè nínú ohun tí wọ́n rò pọ̀.

Wọ́n bi í léèrè. Ó ní lóru, ọwọ́ máa ń kú, òun á jí, òun á gbọn ọ́n títí yóò fi jí padà. Àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín, àti ìdajì ìka òrùka. Ọmọńdinrín kò sí nínú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ó rò pé egungun tó ń so ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó tẹ ọrùn-ọwọ́ wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò náà tí ìka fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Fífi àtàǹpàkò tẹ iwájú ọrùn-ọwọ́ mú un wá kíá ju ìyẹn lọ. Àyẹ̀wò bí nẹ́ẹ̀fù ṣe ń gbé ìfiránṣẹ́ fi hàn pé nẹ́ẹ̀fù median, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn ìka yẹn mọ nǹkan lára, ń falẹ̀ ní ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún, tòsì sì dára.

Carpal tunnel ni ọ̀nà tóóró tó wà níwájú ọrùn-ọwọ́, tí nẹ́ẹ̀fù yìí àti iṣan 9 tó ń tẹ ìka jọ ń gbà kọjá. Lẹ́yìn tí rédíọ́ọ̀sì bá ṣẹ́, wíwú, egungun tuntun tó ń hù, tàbí ìyípadà díẹ̀ nínú bí egungun ṣe dúró lè fún un pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò fi nà gbọọrọ lórí bọ́tìnnì: kì í mọ ohun tó dì mú lára mọ́.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn 8. Wọ́n wọn bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń yí sókè: ọ̀tún dé dígírì 45, òsì 85. Nínú gbogbo físíò ọ̀sẹ̀ 6 yẹn, títẹ̀ àti nínà ni wọ́n ń ṣe; yíyí apá kò sí nínú rẹ̀.

Wọ́n wá fi fọ́ọ̀mù Boston kún un, èyí tí Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1993 fún carpal tunnel. Apá àmì àìsàn ní ìbéèrè 11, apá ìlò ní 8, ìdáhùn láti 1 dé 5, ìpíndọ́gba sì ni máàkì. Ó gba 38 lórí 11, ìyẹn 3.45, àti 26 lórí 8, ìyẹn 3.25.

Ìtọ́jú méjì, ìbéèrè méjì

Splint tó mú ọrùn-ọwọ́ dúró gbọọrọ ni wọ́n fún un láti máa fi sùn, nítorí títẹ̀ àti nínà jọ ń mú kí fífún inú carpal tunnel pọ̀ sí i ni. Físíò yí padà: ìgbọ̀nwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, òòlù kékeré kan lọ́wọ́ kí ìwúwo orí rẹ̀ máa ran yíyí lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àáyá 20 ní òpin yíyí, ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ 19, PRWE rẹ̀ jẹ́ 52. Ó fi 10.5 já wálẹ̀. Ìwádìí kan lórí àwọn tí ìsàlẹ̀ rédíọ́ọ̀sì wọn ṣẹ́ fi 11.5 ṣe iye tó kéré jù tí ìyípadà fi máa ń já mọ́ nǹkan lójú aláìsàn. Òmíràn gbé e sí 14. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan yóò sọ pé ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n ní sùúrù. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn já láti 8 sí 5, yíyí apá sì ti dé dígírì 70. Bọ́tìnnì dúró sórí 7. Iṣẹ́ òòjọ́ kúrò ní 9, kò kọjá 8. Fọ́ọ̀mù Boston lọ láti 3.45 sí 3.36, ti ìlò kò sún rárá. Iṣan ìdí àtàǹpàkò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ìtọ́jú kan ń ṣiṣẹ́, èkejì kò ṣiṣẹ́, àròpọ̀ sì da méjèèjì pọ̀ di ìlọsíwájú pẹ́pẹ́rẹ́ kan. Ohun tí wọ́n rí nínú bọ́tìnnì àti Boston yìí, pẹ̀lú àtàǹpàkò tó ń rọ, ló mú kí wọ́n má dúró mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n gé ìdè líle (ligament) tó bo carpal tunnel lójú kí nẹ́ẹ̀fù lè rí àyè.

Ọjọ́ 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, PRWE lọ sókè sí 64.5, ó ga ju ti ọ̀sẹ̀ 13 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ti bàjẹ́. Títi ara dìde lórí àga jẹ́ 9, ẹrù 9, nítorí ìdí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí wọ́n gé sí ṣì ń dùn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì ti wá sí 5 nígbà tí ohun gbogbo ń gòkè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọkàn gbogbo wọn tó balẹ̀.

Wọn ò fún un ní fọ́ọ̀mù Boston lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Apá àmì àìsàn rẹ̀ ń béèrè bí ọjọ́ kan ṣe sábà máa ń rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òru méjì tó ṣáájú abẹ ṣì wà nínú ohun tí aláìsàn yóò máa rántí. Máàkì tó bá jáde kò ní jẹ́ ti ṣáájú, kò ní jẹ́ ti lẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ 26, Boston jẹ́ 1.55 fún àmì àìsàn àti 1.88 fún ìlò. PRWE jẹ́ 26.5: ìrora 14, iṣẹ́ pàtó 18, iṣẹ́ gbogbogbòò 7. Ìdìmú ọ̀tún dé kílò 19, ìyẹn 79% tòsì. Apá iṣẹ́ inú QuickDASH já láti 87.5 sí 25. Ó ti ń gé aṣọ, àfi èyí tó bá nípọn.

Ohun tó yí padà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí

Wọn kò sọ QuickDASH nù. Fún ẹni tí èjìká àti ọwọ́ jọ ń dùn, tàbí nígbà tí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ bí èèyàn ṣe ń rí ọjọ́ rẹ̀ gbé, òun ló bá a mu. Ṣùgbọ́n bí egungun ọrùn-ọwọ́ kan bá ṣẹ́, PRWE ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbé MHQ ti Michigan yẹ̀ wò, nítorí ó ń bi ọ̀tún àti òsì léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń béèrè bí ọwọ́ ṣe rí lójú àti bó ṣe tẹ́ aláìsàn lọ́rùn. Ìbéèrè 37 ló mú kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí ọwọ́ méjèèjì ń yọ lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ PRWE gbọ́dọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sórí tábìlì pé níbi ti MHQ, bí máàkì bá ga ló dára, àfi ti ìrora tó yí padà. Níbi tí fọ́ọ̀mù méjì bá ti ń rìn lódìkejì ara wọn nínú fáìlì kan náà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò fi ayọ̀ ka ìròyìn búburú.

Lókè fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí: ta ló mú bírò, ọwọ́ wo ni a ń béèrè, ọjọ́ mélòó ni POP tàbí splint fi wà lọ́wọ́ nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí nọ́ọ̀sì bá ní láti kà á fún aláìsàn, ohun tó wà nínú ìwé ni kó kà. Àwọn tó ń kà á máa ń fi “Ṣé ẹ lè dé bọ́tìnnì?” rọ́pò “Báwo ló ṣe nira tó láti dé bọ́tìnnì?” láìmọ̀. Aláìsàn á ní “Mo lè dé e”, nọ́ọ̀sì á kọ 0 sílẹ̀, ìnira náà á sì sọnù síbẹ̀. Bákan náà ni kí wọ́n má ṣe túmọ̀ ìbéèrè lórí ìdúró. Bí ìtumọ̀ tí wọ́n ti dán wò bá wà ní èdè aláìsàn, òun ni kí wọ́n lò.

Fún àyè òfìfo, PRWE ní ìlànà tirẹ̀: bí aláìsàn kò bá tíì ṣe iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn, kó fojú díwọ̀n bí yóò ṣe nira tó, bí kò bá ṣe é rí láyé rẹ̀, kó fi sílẹ̀, kí wọ́n fi ìpíndọ́gba apá yẹn dí i. Excel náà ti ń ka iye ìdáhùn kó tó pín. Wọ́n padà ṣírò àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ní àyè òfìfo, gbogbo wọn ló gòkè.

Ohun tó kẹ́yìn ni ibi tí nọ́ńbà ń gbé nínú fáìlì. Tẹ́lẹ̀, àròpọ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìwé á sì lọ sínú àpótí. Ìdáhùn 15 ló ń wọlé báyìí, ti òní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná, èyí tó bá sì gòkè nígbà tí àwọn yòókù ń já wálẹ̀ á pọ́n lójú ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ 52, obìnrin náà padà wá. PRWE 13.5. Bọ́tìnnì 1, ọwọ́ ìlẹ̀kùn 1, iṣẹ́ òòjọ́ 1. Títi ara dìde lórí àga ṣì jẹ́ 4, òun nìkan ló ga lára iṣẹ́ pàtó. Oníṣègùn físíò ní kó dìde kí òun wò ó. Ẹ̀ṣẹ́ ló dì, ó fi oríkèé ìka ti àga, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ dúró gbọọrọ láìtẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4 náà: “Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ dìde.”